Ọjà Olójú Méjì

Àwọn kan nínú yín ń sọ pé bí àwọn bá wá ra fatiláísà lọ́wọ́ wa, ńṣe là ń bi àwọn ní ìbéèrè bíi ọlọ́pàá. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó fà á. Ọwọ́ ọkọ ló ń tẹ èyí, ṣùgbọ́n ẹnu àwa méjèèjì ni, torí tọkọtaya la jọ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ta fatiláísà, irúgbìn àti oògùn koríko ní ọjà Gwagwalada. Àgbẹ̀ Gbagyi, Hausa, Tiv, àti àwa Yorùbá náà, gbogbo wọn ló ń rà lọ́wọ́ wa. Nínú ohun tí a ń tà, yúríà ló ní ojú méjì. Náítrójìn inú rẹ̀ tó 46 nínú 100; òun ló ń mú ewé àgbàdo dúdú mìnìjọ̀. Àmọ́ àwọn oníbọ́ǹbù náà mọ irú fatiláísà báyìí. Ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ní 19 April 1995, ammonium nitrate, tí òun náà jẹ́ fatiláísà, ni wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù tó pa èèyàn 168.

Nígbà tí ogun Boko Haram le, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í di irú ọjà olójú méjì bẹ́ẹ̀ mú. Ní July 2011, wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri, torí pé àwọn apànìyàn ń gùn ún. Ní May 2013, Ààrẹ Jonathan kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Nígbà tó di June, àwọn ológun fòfin de fóònù sátẹ́láìtì ní Borno. Yúríà náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ká títà àti gbígbé e lọ́wọ́ kò ní apá ibẹ̀. Ẹ wò ó, ọ̀kadà yìí kan náà ló ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù. Yúríà yìí kan náà ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ṣòfin kò jẹ̀bi, ẹni tí òfin ń dùn náà kò jẹ̀bi.

Bí ẹni pé ọ̀nà jìn lọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú wa, àfi ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àárọ̀ 14 April 2014, bọ́ǹbù dún ní garéèjì Nyanya. Èèyàn tó kú lé ní àádọ́rin, àwọn tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ní 1 May, òmíràn tún dún ní Nyanya kan náà. Ní 25 June, ó dé Emab Plaza ní Wuse 2. Ẹ̀yin tó wà níbí nígbà náà, ẹ ò lè gbàgbé. Bí mọ́tò bá dúró pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àyà wa á já. Àpò yúríà tó wà lẹ́yìn wa, bí ẹni ń wo ejò la ṣe ń wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan wá. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́, Yorùbá Ọ̀yọ́ ló ń sọ. Ó ní, “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.” Inú wa dùn. Ó ra àpò 15. Kò ná an rárá. Kò gba rìsíìtì. A ò bi í pé níbo loko rẹ̀ wà. A tún bá a gbé e sínú ọkọ̀, a fi ẹ̀rín sìn ín. Ọmọ wa ni, àbí? Títí dòní, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò sì rí i mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbẹ̀ gidi. A ò kàn mọ̀ ni, torí a ò béèrè.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sí i, bàbá àgbẹ̀ Gbagyi kan dé. Ó ti ń rajà lọ́wọ́ wa fún bí ọdún mẹ́jọ, àpò mẹ́rin lọ́dọọdún. Lọ́dún yẹn, ó ní àpò 20 lòun fẹ́. Àwọn ará abúlé òun ló dá owó jọ pé kí òun bá wọn rà á, kí owó mọ́tò lè dín. Ó mú ọmọkùnrin méjì dání tí a kò rí rí, ọ̀kan fa fìlà bojú. A wo ara wa. Ìyàwó sọ ọ́ ní Yorùbá pé, “Ẹ má tà á o.” Ọkọ yíjú sí bàbá, ó sọ ní Hausa pé, “Babu.” Kò sí. Bẹ́ẹ̀ àpò tó lé ní 30 wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàbá padà wá lọ́jọ́ kejì, a tún ní kò sí. Kò wá mọ́.

Ó di November kí a tó tún fojú kàn án. Ó gbé àgbàdo gbígbẹ mẹ́ta sórí káńtà wa. Wọ́n kéré, eyín wọn ò pé. Kò pariwo. Ó ní ewé ti pọ́n lóko gbogbo abúlé kí àwọn tó rí yúríà díẹ̀ rà ní ọjà mìíràn. Ó wo aṣọ ìkélé wa, ó béèrè pé, “Ọdún mélòó lẹ ti mọ̀ mí?” A ò lè dá a lóhùn. Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa sunkún, a ò ríran. Ẹni tó yẹ ká bi léèrè, ahọ́n rẹ̀ dùn létí wa, a jẹ́ kó lọ. Ẹni tí a mọ̀, a lé e. Agbo ilé mélòó kan ni oúnjẹ kò tó títí òjò mìíràn fi dé, nítorí ẹ̀rù wa.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Niger ṣẹlẹ̀, ohun tí a rántí nìyẹn. Àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum ní 26 July 2023. Ní 30 July, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá níbí, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá òwò dúró, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń fún wọn. Ọ̀gágun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n tírélà ẹrù ló tò sí ẹnubodè, aláìsàn ló ń wá oògùn, ẹni tó ń ta àlùbọ́sà àti ẹni tó ń ta màlúù ló jókòó ti gbèsè. Ní 24 February 2024, ní Àbújá kan náà, wọ́n ká èyí tó pọ̀ jù nínú ìjìyà náà kúrò. Ọ̀gágun ṣì wà lórí àga.

A ò sọ pé kí ìjọba má ṣọ́ ọjà olójú méjì o. Àwa tí a gbọ́ ìró bọ́ǹbù ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀kùn títì rọrùn ju ìbéèrè lọ, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló sì sábà máa ń há síta.

Láti ọdún yẹn la ti ní ìwé kan lórí káńtà. Ẹni yòówù kó dé, ìbéèrè kan náà ni: orúkọ, abúlé, kí lẹ gbìn, báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Hẹ́kítà àgbàdo kan sábà máa ń fẹ́ bí àpò yúríà méjì. Bí olóko kékeré bá fẹ́ àpò 20, kó dárúkọ àwọn tó rán an. Bó bá dárúkọ wọn, a kọ ọ́, a tà á. Bó bá ń bínú, a ò tà, ì báà ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, bí a bá bi yín, ẹ má bínú sí wa. Bàbá yẹn ti di olóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì ń rajà lọ́wọ́ wa, ìbéèrè kan náà là ń bi àwọn náà. Ẹ̀yin tó ń ta kẹ́míkà, dúróònù, tàbí ọjà mìíràn tó ní ojú méjì, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ bá wa dá sí i.

Ajé á wọgbá gbogbo wa o.