Iná tó kú lórí àpótí ẹja

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín lójú ìwé yìí, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nínú ilé wa ní Kpankou, àpótí dígí kan wà ní pálọ̀ tí a ń sin ẹja wẹ́wẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn ọmọ ló fún wa nígbà tó ń kó kúrò ní Kutọnu. Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín pé, ẹja tí a kò lè sè, kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ọmọ mi kejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn wọn púpọ̀. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló sì ń pààrọ̀ omi wọn.

Iná gígùn kan wà nínú ìdérí àpótí náà, irú èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní néon. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a tan án, kò tàn. Mo ti rí ọmọ yìí lọ́sàn-án tó ṣí ìdérí náà láti bọ́ ẹja. N kò bèèrè ohunkóhun. Mo pè é síwájú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, mo ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́." Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́." Mo fa etí rẹ̀, mo pè é ní òpùrọ́, mo sì ní kó lọ sùn láìjẹun.

Lóru, mo jáde láti mu omi, mo bá a tó dúró ti àpótí náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọn ò ní kú nínú òkùnkùn?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ṣàlàyé fún un pé kí àwa ènìyàn lè rí wọn dáadáa ni iná náà ṣe wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi ni ẹja kò lè ṣe aláìní, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ ẹ sínú omi sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ó lọ sùn. Èmi ni kò rí oorun sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí ọ̀rọ̀. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àpótí yìí, ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ omi rẹ̀ láìyọ wáyà. Iná 220 volt lè pa ènìyàn nínú omi. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ sísàlẹ̀ ju ihò iná lọ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.

Mo fi wáyà rédíò sínú ihò iná kan náà, rédíò sọ̀rọ̀. Iná dé ibẹ̀ nìyẹn. Mo wo néon fúnra rẹ̀. Bó bá ti gbó, orí rẹ̀ méjèèjì a máa dúdú, a sì máa ṣẹ́jú. Tiwa kò dúdú. Mo wo sítátà, nǹkan roboto kékeré tó ń jẹ́ kí orí néon méjèèjì kọ́kọ́ gbóná kí gbogbo rẹ̀ tó tàn. Bí orí méjèèjì bá ń pọ́n tí àárín kò tàn, sítátà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo yá ti iná ilé ìdáná, mo fi sí i. Pàbó.

Nígbà náà ni mo rọra yí néon, mo fà á yọ. Mo ṣọ́ra kó má fọ́, nítorí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni. Tìtorí mẹ́kúrì yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Geneva ní 2023 fi pinnu pé ṣíṣe irú iná gígùn yìí yóò dópin tó bá fi di 2027.

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Àwọn irin tín-ín-rín orí rẹ̀ ti dípẹtà, ibi tí wọ́n ń wọ̀ náà ti hu èérí aláwọ̀ ewé. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ooru omi ló ti ń gòkè láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń di ìrì sára irin. Dígí pẹlẹbẹ kan yẹ kó wà láàárín omi àti iná, ṣùgbọ́n ó fọ́ lọ́nà nígbà tí a ń kó àpótí náà bọ̀ láti Kutọnu. Ọmọ yìí gan-an ló bi mí nígbà náà pé, "Bàbá, ṣé a ò ní ra òmíràn?" Èmi ni mo dá a lóhùn pé n kò lówó tí mo fẹ́ fi ra dígí fún ẹja.

Mo fi sáńpépà ha àwọn irin náà, mo nù wọ́n, mo sá wọn sí oòrùn títí wọ́n fi gbẹ dáadáa. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Iná tàn.

Mo lè dákẹ́, kí n ní mo ti tún un ṣe. Ta ni yóò bi mí? Àmọ́ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan kí n tó dá ẹjọ́ tèmi. Iwájú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni mo ti dójú tì í, nítorí náà iwájú wọn ni mo pè é sí nírọ̀lẹ́. Mo fi àwọn irin náà hàn wọ́n, mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Ọmọ mi, má bínú."

Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú oúnjẹ ẹja, ó ní kí n bá òun ṣí ìdérí. Bí mo ti na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá, ṣé ẹ ti yọ wáyà?"

N kò tíì yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ gé dígí tuntun.