Iṣẹ́ Ń Pani

Àwọn àgbà a máa sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ iṣẹ́ ń pani. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 ló ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti kéde lọ́dún 2021 pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 lọ́sẹ̀ ń sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn.

Ní Ìdímù tí mo ń gbé, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ń dà sójú títì. Wọ́n á du dánfó dé Òṣòdì, wọ́n á tún wọ òmíràn lọ sí Erékùṣù. Kò sí ọ̀gá tó ń ka wákàtí ojú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara ń kà á. Èmi náà rìn ín. Tí mo bá délé lálẹ́, WhatsApp ọ̀gá á tún dún: kí n fi èyí ránṣẹ́, kí n ṣàtúnṣe tọ̀hún. Ó dé ibi tí oorun kò lè lé àárẹ̀ náà lọ mọ́. Ohùn ọmọ mi gan-an ń ni mí lára.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì fún un níwèé: n kò ní lè dáhùn ìpè iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn aago méje alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ló wà níta tó ń wá iṣẹ́ yìí." Mo ní, "Òótọ́ ni, sà." Wọn kò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n fo orúkọ mi nígbà ìgbéga. Ó dùn mí. Síbẹ̀, mo ń sùn.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, àti ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n á san owó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Àbùkù ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó àti iṣẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe sẹ́yìn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni irú wọn lè gbára lé, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í kà á tán kí ayọ̀ tó mú wa buwọ́ lù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí wọ́n kọ aago tí iṣẹ́ ń parí síbẹ̀.