Nígbà Tí A Ṣì Ń Jà

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí mo dàgbà sí ní Mushin, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, balùwẹ̀ kan péré ló sì wà lẹ́yìnkùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Àgùdà ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, torí Máàsì àárọ̀ ní Regina Mundi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìbejì tó ń lọ sí Kérúbù ló ń tẹ̀lé e, torí òun ṣì ní aṣọ funfun tó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀. Àwa Áńgílíkà ló ń kẹ́yìn, a ó sì máa kùn pé àwọn tó ṣáájú ti lo omi tán.

Tó bá di ọ̀sán, abọ́ ìrẹsì á máa ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Bí Kérúbù bá ń ṣe ìkórè, ìyá mi á wọṣọ lọ síbẹ̀, á ra iṣu kan ṣoṣo ní gbàǹjo ní iye tí ì bá fi ra mẹ́ta lọ́jà Ojúwòyè. Tí ìkórè tiwa náà bá dé, Ìyá Ìbejì á wá, á máa fowó kún owó lórí adìẹ kan títí ojú á fi ti àwọn ọlọ́lá ìjọ wa. Bíbélì kan náà ni gbogbo wa ń kà, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ parí lọ́dún 1884. Nígbà tí òjò ba ti Ìyá Ìbejì jẹ́, tiwa ló ń yá lọ sí àìsùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, òórùn tùràrí sì ni Bíbélì náà máa ń gbé padà wálé.

Ẹ má rò pé ìròyìn àlàáfíà ni mò ń ṣe o. À ń jà. Bàbá mi a máa pe àwọn ará Kérúbù ní ẹlẹ́mìí, á sì máa sín wọn jẹ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Ìyá Ìbejì náà á bi í pé ẹ̀mí wo ló wà nínú ìjọ tí gbogbo èèyàn ti ń sùn tí ìwàásù bá ń lọ. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Àgùdà kọ̀, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Abẹ́ igi fúrúùtù níta ló dúró sí tòun ti agbádá títí ìsìn fi parí, òun náà ló sì kọ́kọ́ dé ojú agbo ijó. Ọ̀rọ̀ Màríà, ọ̀rọ̀ bàtà bíbọ́, ọ̀rọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n máa ri ọmọ ọwọ́ bọmi, kò sí èyí tí a kò jà lé lórí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kò wá sí ọmọdé kan nínú ilé wa tí kò mọ ohun tí yàrá kejì gbà gbọ́. Ẹnu ìjà la ti gbọ́ ọ.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's ní Breadfruit bínú jáde nítorí ohun tí àwọn aláṣẹ ìjọ ṣe sí àlùfáà wọn, James Johnson, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Johnson tí wọ́n torí ẹ̀ jà kò tilẹ̀ bá wọn lọ. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìjà yẹn ni ìjà kínínì. Àwọn òyìnbó Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá àwọn aládùúrà wa dòwò pọ̀ ní 1931, ìgbà tí iná ìsọjí Joseph Babalọlá ṣì ń jó. Nígbà tó yá, a rí àwọn òyìnbó yìí tí wọ́n ń lo kínínì kí ibà má baà pa wọ́n. Àwọn tiwa ní rárá: ẹni tó ń wàásù pé Ọlọ́run ń wo ni sàn kò gbọdọ̀ tún máa gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún 1940 fi wọlé tán, ọ̀nà ti pín sí méjì. Apá kan ń jẹ́ Apostolic di òní, apá kejì di Ìjọ Àpósítélì Kírísítì tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943. Ohun kékeré tó korò bí ewúro ló fa gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi alàgbà wọn kan léèrè, á sọ ìdí rẹ̀ fún yín láìwo ìwé.

Ìhà tiwa níhìn-ín gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti yọ ìyẹ́. Láti Porto Novo ni Sẹ̀lẹ́ ti bá àwọn apẹja gba ojú omi wọ Mákòókò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ní 1952, Josiah Akíndayọ̀mí kúrò ní Kérúbù, òun àti àwọn mélòó kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Willoughby Street, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ibẹ̀ ni Rìdíìmù ti ṣẹ̀. Ní 1973, William Kumuyi kó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ sílé rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó láti ka Bíbélì, èyí tó di Deeper Life. Olùkọ́ ìṣirò ni Kumuyi nígbà náà. Adébóyè tó wá jogún Rìdíìmù náà ti kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì kan náà. Ìsọdipúpọ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tó di 1989, ìjọ Orí Òkè Iná bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ olùdásílẹ̀ rẹ̀, Olúkòyà, ní Old Yaba Road.

Àwọn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti so àwọn ìjọ pọ̀. Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì dawọ́ pọ̀ ní 1932, wọ́n dá Igbobi College sílẹ̀ ní Yaba. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì àti Presbyterian gbìmọ̀ láti di ìjọ kan ṣoṣo jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n ti dá ọjọ́, 11 Oṣù Kejìlá 1965. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó tú ká, bí ìgbéyàwó tí wọ́n ti ra aṣọ ẹbí rẹ̀ pín. Igbobi ṣì kù lọ́wọ́ wọn. Ìjọba gbà á, ìjọba sì dá a padà fún àwọn méjèèjì ní 2001, wọ́n ṣì jọ ni ín.

Mo padà sí àdúgbò wa láìpẹ́ yìí. Ilé wa ti di alájà mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè rẹ̀, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ka pátákó ìjọ dé méje kí n tó dákẹ́. Méjì nínú wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Rìdíìmù ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn fẹ́ kí ìjọ máa wà níbi tí èèyàn kò ní fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún rìn dé. N kò bá wọn wí, arúgbó tí orúnkún ń dùn kì í fẹ́ gun dánfó. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ àtẹ̀gùn pé ìjọ wo ló wà lókè.

"Ẹ má bínú mà, n ò mọ̀. Lawanson lèmi ti ń jọ́sìn."

Ọdún méjì ló ti fi jókòó síbẹ̀.

Mo rò ó títí mo fi dé Ojúwòyè. Bó bá jẹ́ pé ó bú wọn ni, ì bá tù mí lára. Àwọn tó bínú kúrò ní Breadfruit mọ orúkọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n mọ ohun tó dùn wọ́n. Àwọn tòde òní kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàdé wà lọ́jọ́bọ̀, àìsùn wà lọ́jọ́ Ẹtì, ta ni yóò ráyè jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ bá ẹlòmíràn jiyàn Màríà? Àwọn olórí wà nínú CAN láti 1976, wọ́n ń jókòó sídìí tábìlì kan ní Àbújá. Ní àdúgbò wa, sípíkà nìkan ló kù tó ń bá ara wọn jà.

Nígbà tí Bàbá Àgùdà kú, àwọn ará Kérúbù ní àwọn fẹ́ wá kọrin níbi àìsùn òkú. Katikíìsì ní kò ṣeé ṣe. Ìyá Ìbejì ní ọ̀rẹ́ òun ló kú, kì í ṣe ọ̀rẹ́ katikíìsì. Wọ́n jà á láti ìrọ̀lẹ́ títí agogo mẹ́wàá fi lù, bàbá mi tó yẹ kó gbè sẹ́yìn katikíìsì sì ń bá obìnrin náà wí tirẹ̀. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n kọrin, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ lu agogo. Ìyá Ìbejì gbà. Ní ìtẹ́ òkú Àtàn lọ́jọ́ kejì, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ohun kan le koránkorán nínú ìró rẹ̀. Bí wọ́n ti ń da iyanrìn àkọ́kọ́ sórí pósí, ó tiwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, agogo ọwọ́ yẹn sì dún lẹ́ẹ̀kan péré. Katikíìsì gbórí sókè, ó wẹ̀yìn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, ó húkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí ìró náà ti wá.