Ìró Kékeré Létí Ọmọ Tó Ń Dá Sọ̀rọ̀

Bí ọmọkùnrin ọlọ́dún 19 kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Johannesburg, tó ní òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló máa sọ ọ̀rọ̀ náà lórúkọ. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ Zulu, wọ́n lè ní àwọn baba ńlá ló ń pè é. Ukuthwasa ni wọ́n ń pe irú ìpè bẹ́ẹ̀, èyí tó ń sọ ènìyàn di sangoma, oníṣègùn ìbílẹ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ń tajà ní Yeoville, wọ́n lè ní iṣẹ́ ayé ni, kí wọ́n sì máa wá wòlíì kiri. Dókítà lè pè é ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó ń bá nǹkan bí ẹnì kan jà nínú 300 láyé. Ní ti ìyá rẹ̀, ohun tó fẹ́ kò ju kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ òun ní wèrè.

Dókítà náà pàápàá, etí àti ojú rẹ̀ ló ń lò. Ibà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, eegun tó kán ní fọ́tò X-ray. Schizophrenia kò ní irú rẹ̀. Yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò bi ìyá bóyá ọmọ ń sùn, bóyá ó ṣì ń wẹ̀, ìgbà wo ló pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tì. Ní South Africa, níbi tí èdè tí ìjọba fọwọ́ sí ti di 12 láti ọdún 2023, ìyẹn kò rọrùn. Dókítà lè fi òyìnbó béèrè, kí nọ́ọ̀sì tú u sí Sesotho, kí aláìsàn fi Zulu dáhùn. Ẹni tó ní òun gbọ́ ohùn bàbá òun tó ti kú lè jẹ́ aláìsàn. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò èdè fi wu àwọn onímọ̀. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ iná kékeré tí ọpọlọ ènìyàn ń mú jáde, ní 1924. Ní 1978, Risto Näätänen, ará Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ohun àrà kan nínú iná yìí. Wọn a dé fìlà oníwáyà sí ènìyàn lórí, wọn a máa fi ìró sí i létí bó ti ń wo fíìmù tí kò ní ohùn. Pí, pí, pí, pí. Lójijì, ọ̀kan á gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ata mọ bó ṣe rí: kì í gbọ́ ariwo náà mọ́, àfi ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá yí ohùn padà. Ọpọlọ a fura kí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá tó pé, bí ẹni náà kò tilẹ̀ fiyè sí i. Láti 1991 ni àwọn olùwádìí ti ń rí i pé ìfura yìí sábà máa ń kéré nínú àwọn tó ní schizophrenia.

Kí ìdílé má tìtorí ìyẹn sáré lọ béèrè fìlà yìí. Láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyàtọ̀ náà ti hàn. Tó bá kan ẹnì kan ṣoṣo, aláìsàn wà tí ìfura rẹ̀ pé pérépéré, ẹni tó le koko sì wà tí tirẹ̀ kéré. Etí tó wúwo náà lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Irú ẹ̀rọ yìí wà ní ilé ìwòsàn ńlá nítorí wárápá, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí wọ́n lè fi nìkan sọ àìsàn ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Ibi tó dà bíi pé ó máa wúlò jù ni ara àwọn ọ̀dọ́ tí àmì àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tètè mójú tó.

Orúkọ tó tọ̀nà nìkan kò sì gba ẹnikẹ́ni là. Àwọn aláìsàn Life Esidimeni ti ní orúkọ àìsàn wọn nínú fáìlì. Ní October 2015 ni ẹ̀ka ìlera ìjọba Gauteng kéde pé àwọn fòpin sí àdéhùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn níbẹ̀, owó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dín kù. Wọ́n kó èyí tó ju 1,300 lọ kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjọ aládàáni 27. Nígbà tí Malegapuru Makgoba, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìlera, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní February 2017, ó ní kò sí ọ̀kan nínú àwọn 27 náà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ tọ̀nà. Lápapọ̀, ènìyàn 144 ló kú. Ebi àti òùngbẹ wà nínú ohun tó pa wọ́n.

Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti ń ní kí aláìsàn mú ẹbí kan ó kéré tán wá, kí wọ́n jọ gbé ní abúlé ìtòsí ilé ìwòsàn. Ẹbí yẹn ló ń se oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Ní Gauteng, àwọn ìyá àti àbúrò ń lọ láti ilé kan sí òmíràn, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹni wọn lọ.