Ẹ̀yìn Pátákó Ni Àrùn Wà

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò àtijọ́ nílé, pàápàá bí pátákó inú ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ti tẹ̀, tí ó sì fẹ́ jábọ́.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Ní ọdún 1977 ni wọ́n yáwó ra Volkswagen kan, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Bàbá kò wakọ̀ mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọn a máa jókòó sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí òjò èṣín lọ tán, pátákó ilẹ̀kùn méjèèjì ti wú, wọ́n ti ká sókè bí ewé gbígbẹ, inú mọ́tò sì ń rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún mi ní oṣù kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè fẹ́ fi ìṣó kan pátákó náà mọ́ irin. Ẹnì kejì ní kí a sọ ọ́ nù, kí a ṣe tuntun. Kò sí ẹni tí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á mọ èyí dájú: ibi tí gíláàsì ń gbà sọ̀kalẹ̀ ni òjò ń gbà wọ inú ilẹ̀kùn mọ́tò. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ihò sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè ṣàn jáde, tí wọ́n sì ta náílọ̀n sí ẹ̀yìn pátákó. Fọ́nrán igi tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ni pátákó yìí. Bí omi bá kàn án, a fà á mu bíi kànìnkànìn. Nígbà tí mo ṣí tiwa, náílọ̀n ti ya, eruku sì ti dí ihò pa.

Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú yọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fà á láti àárín yóò fà á ya. Mo fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn èyí tí ó wà lápá ọ̀tún kí ó lè rọ̀ díẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí àárín pákó méjì tí ó tẹ́jú, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e, mo fi í sí ibòji títí ó fi gbẹ dáadáa. Ó nà.

Ti apá awakọ̀ ti jẹrà nísàlẹ̀. Mo rọra ṣí rẹksíìnì kúrò lára rẹ̀, mo fi pátákó náà ṣe òdiwọ̀n lórí pílíwúùdù mílímítà 3, káfíńtà sì gé e. Mo fi fáníìṣì kun ẹ̀yìn àti etí méjèèjì kí omi má baà ráyè. Rẹksíìnì àtijọ́ náà ni mo fi gọ́ọ̀mù àwọn tí ń ṣe bàtà lẹ̀ padà, nítorí pé ibi tí ìgúnpá bàbá mi ti mú un dán wà lára rẹ̀.

Kí n tó dá wọn padà, mo fi wáyà la ihò, mo ta náílọ̀n tuntun, mo sì da ife omi kan sí etí gíláàsì. Nísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà jáde. Òjò ti rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi kò sì dárúkọ irin àlòkù mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ tó náwó sí pátákó tuntun, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà omi. Ẹni tí kò bá dí ojú ihò òrùlé, ẹní tuntun tí ó tẹ́ sílẹ̀ yóò tún rẹ.