Ẹni Tó Lè Sanwó àti Ẹni Tí Kò Lè San: Ohun Tí Mo Rí ní Íńdíà

"Ẹ gbé e lọ sí Íńdíà." Gbólóhùn yìí ti di ohun tí a ń gbọ́ nínú ẹbí wa gbogbo nígbàkígbà tí àìsàn bá ti kọjá ohun tí apá àwọn dókítà àdúgbò ká. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ìlú wo ní Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta ló ni ilé-ìwòsàn náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkéde ìkówójọ á ti tàn ká orí WhatsApp, àwòrán aláìsàn lókè, nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀. Ohun tí àwa tí à ń dáwó kì í sábà rò ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwòsàn tí à ń sá lọ bá kì í ṣe ti ìjọba Íńdíà rárá. Ti aládàáni ni. Oníṣòwò ló kọ́ wọn, èrè sì wà lára ohun tó ń wá. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè tí èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan ń gbé ni, àìmọye nínú wọn ni kò sì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí à ń dá. Ẹnu ọ̀nà wo ni àwọn yẹn ń gbà wọlé?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "aládàáni", wọ́n á ní olè ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn gbà pé kí ìjọba ṣáà ti yẹ̀ lójú ọ̀nà, kí oníṣòwò ṣe gbogbo nǹkan. Íńdíà kò gbe ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1976, dókítà ojú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Govindappa Venkataswamy fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ẹni ọdún 58. Ìlú Madurai ló wà, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà. Làkúrègbé ti ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, débi pé ó ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ mú. Dípò kó lọ sinmi, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti ọkọ tàbí aya wọn jọ, wọ́n sì ṣí ilé-ìwòsàn ojú oníbùsùn 11 sínú ilé kan. Aravind ni wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n dojú kọ ni ohun funfun tó máa ń bo ẹyinjú àwọn àgbà, èyí tó ń sọ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn di afọ́jú ní Íńdíà nígbà náà, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń wò ó.

Ẹni tó bá lè san owó á san. Ẹni tí kò lè san kò ní san, tàbí kó san owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn dókítà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó sanwó á sùn sínú yàrá onítura, ẹni tí kò sanwó á sì sùn sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kì í dúró de tálákà pé kó wá bá wọn. Wọ́n ń lọ sí abúlé, wọ́n ń yẹ ojú wò, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ wá sí ìlú. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, tábìlì méjì wà fún dókítà kan: bó bá ṣe ń parí ti ẹni àkọ́kọ́, wọ́n ti múra ẹni kejì sílẹ̀ lórí tábìlì kejì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin láti ìgbèríko, tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ fún ọdún méjì, ló ń ṣe gbogbo ìyókù. Dókítà náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé McDonald's, àwọn oníbọ́gà Amẹ́ríkà, lòun wò kọ́ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, tí kò sì sí ìfàkókòṣòfò, iye tí wọ́n ń ná lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan á máa wálẹ̀. Nígbà tí awò kékeré tí wọ́n ń fi sínú ẹyinjú ṣì wọ́n, tó jẹ́ pé láti òkè òkun ló ti ń wá, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti máa ṣe é fúnra wọn. Ohun tó ń náni ní nǹkan bí 100 dọ́là tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń fi dọ́là mélòó kan rà.

Àwọn tó ń fi Aravind yangàn pé aládàáni lè ṣe gbogbo nǹkan sábà máa ń gbójú fo kinní kan. Kò sí ẹni tó ń pín èrè níbẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú ló ni ín. Owó tó bá ṣẹ́kù, inú iṣẹ́ ló ń padà sí. Olùdásílẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti fi ọ̀nà tálákà sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Oníṣòwò wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ní kó ṣe é?

Ní ọdún 2019, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Màmá Ìkirè bí a ṣe ń pè wọ́n, lọ sí ìlú Chennai, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn ni kò pa dé dáadáa mọ́. Èmi ni wọ́n yàn láti tẹ̀ lé wọn nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, n kò sì tíì ríṣẹ́. Ilẹ̀ méjì ni ẹbí tà. Ilé-ìwòsàn aládàáni ńlá ni, ó sì tóbi tó òtẹ́ẹ̀lì: àwọn ará Bangladesh, àwọn ará Iraq, àwọn ará Kenya, àwa ará Ìbàdàn. Wọ́n gba owó wọn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ṣiṣẹ́ tó tọ́ sí owó náà. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn.

Obìnrin kan ń wá nu yàrá wa lówùúrọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní "akka", ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè Tamil, wọ́n sì ń pe Màmá Ìkirè ní "amma", ìyẹn ìyá. Màmá fẹ́ràn èyí gan-an. Wọ́n ní a ò tíì kúrò nílé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, akka rí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa tirẹ̀ yọ nínú àpò. Oògùn kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ṣe tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ pé ti ìjọba Tamil Nadu ni, pé kì í ṣe fún títà. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló túmọ̀ fún wa: ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún un ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Àwa ń ra tiwa ní ìsàlẹ̀ ilé.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ra oògùn fún gbogbo ilé-ìwòsàn ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á pe àwọn ilé-iṣẹ́ kí wọ́n wá díje lórí iye, wọ́n á yẹ oògùn wò kó tó jáde nílé ìkóǹkansí, wọ́n á sì pín in kiri. Ìjọba kò dá ilé-iṣẹ́ oògùn sílẹ̀ nítorí èyí. Ọ̀dọ̀ àwọn aládàáni ló ti ń rà, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ iye, òun ló ń sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ dára tó.

Akka tún ní káàdì kan. Tamil Nadu ti bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera fún àwọn tálákà láti ọdún 2009. Ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Íńdíà náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ayushman Bharat: ìdílé tálákà lè gba ìtọ́jú tó tó 500,000 rúpì lọ́dún ní ilé-ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni tó bá wà nínú ètò náà, kí ìjọba sì sanwó. Nọ́ọ̀sì náà ní káàdì yẹn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àbúrò akka, kì í sì í ṣe ọ̀nà jíjìn: nínú ilé-ìwòsàn tí à ń sùn yìí náà ni, ní àjà mìíràn. Màmá Ìkirè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àwa ńkọ́, ṣé a ò lè ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni?"

Bí mo bá dúró síbí, irọ́ ni mo pa. Owó tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba bọ̀ sọ́wọ́ aládàáni lè ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Ṣáájú Ayushman Bharat, ètò adójútòfò kan ti wà láti ọdún 2008 tó ń san 30,000 rúpì fún ìdílé kan lọ́dún. Iye iṣẹ́ abẹ ni ilé-ìwòsàn fi ń gbowó. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta láti Bihar àti Chhattisgarh pé àwọn dókítà aládàáni kan ń yọ ilé-ọmọ àwọn obìnrin tálákà tí kò nílò rẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn nínú wọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá láti Rajasthan pẹ̀lú. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Íńdíà ní ọdún 2013. Ọdún 2023 ni ìdájọ́ jáde pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ tẹ́wọ́ gba ìlànà lórí irú iṣẹ́ abẹ yìí láàárín oṣù mẹ́ta. Ọdún mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ dá ilé-ọmọ wọn padà fún wọn? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kì í ṣe pé wọ́n fi owó sọ́wọ́ aládàáni nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀, bí kò ṣe pé kò sí ojú tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìlú Delhi tún yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọba ti fún àwọn ilé-ìwòsàn aládàáni ńláńlá ní ilẹ̀ níye tó kéré gan-an níbẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á máa tọ́jú tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gba ilẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ wọn sì gbàgbé àdéhùn. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ gíga Delhi sọ pé ìdá 10 nínú 100 ibùsùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, àti ìdá 25 nínú 100 àwọn tó ń gba ìtọ́jú lọ sílé lójúmọ́. Àwọn ilé-ìwòsàn kan jà á títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní ọdún 2018 ni ìyẹn fọwọ́ sí i, tí ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ lè pàdánù ilẹ̀ náà.

Ara Màmá Ìkirè yá, wọ́n ti padà sídìí aṣọ tí wọ́n ń tà. Ilẹ̀ méjèèjì kò padà. Lásìkò yìí, bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ wa ti fún oníṣòwò ní ilẹ̀ láti fi kọ́ ilé-ìwòsàn ìgbàlódé, tí gómìnà ń gé rìbọ́ọ̀nù, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ìwé àdéhùn ni mo máa ń fẹ́ rí. Ibùsùn mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹni tí kò lè san, ta ni yóò sì máa lọ kà wọ́n?