Kodak àti Ọmọ tí Ó Bí

Bí onílù bá yí ìlù padà, dandan ni kí oníjó yí ẹsẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu. Ẹni tí ijó àtijọ́ ń mú owó wá fún ni ó mọ bí ó ti nira tó. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kámẹ́rà lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ní ayé fọ́tò tí kò lo fíìmù yìí, Kodak ti ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà ni ọkàn mi máa ń lọ sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe rò pé òpè ni Kodak. Ní 1888 ni George Eastman, olùdásílẹ̀ rẹ̀, gbé kámẹ́rà kan jáde tí fíìmù fún àwòrán 100 ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á bá yà á tán, yóò fi í ránṣẹ́ sí Rochester tòun ti fíìmù inú rẹ̀. Wọn a fọ fíìmù náà, wọn a tẹ àwòrán rẹ̀, wọn a ki fíìmù tuntun bọ̀ ọ́, wọn a sì dá a padà. Ní 1900 ni Brownie dé, dọ́là kan péré. Báyìí ni fọ́tò yíyà ṣe kúrò ní ohun ọlọ́rọ̀ nìkan. Ẹ wá wo ibi tí èrè wà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mélòó kan ni ènìyàn ń ra kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí kì í jẹ fíìmù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá di àdììtú. Ní 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan nínú ilé-iṣẹ́ yìí kan náà, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà dígítà tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó àwòrán sí, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì ń gbà kí àwòrán kan tó wọlé. Àwọn ọ̀gá rí i. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1978. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé tí ó ń bọ́ ọ?

Àwọn kan ní ìgbéraga ni ó pa Kodak. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1982, ó lé ní 60,000 ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ fún un ní Rochester. Ọ̀gá tí ó bá ní kí fíìmù dáwọ́ dúró, ìkòkò ọbẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó ń dà nù. Kodak tilẹ̀ sáré náà: ní 2005, òun ni ó ń ta kámẹ́rà dígítà jù ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fíìmù. Láìpẹ́, fóònù gba ìyẹn náà. Ní oṣù kìíní 2012, Kodak sá di ilé-ẹjọ́ nítorí gbèsè.

Ẹ wo Fujifilm ti Japan, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, tí fíìmù ń bọ́ bákan náà. Nígbà tí ọjà fíìmù wó lẹ́yìn 2000, Shigetaka Komori àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò béèrè pé, “Kí ni à ń tà?” Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Kí ni ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe?” Kọ́lájínì tí ń bẹ nínú fíìmù ń bẹ nínú awọ ara, wọ́n fi ìmọ̀ yẹn ṣe ìpara. Wọ́n ṣe fíìmù fún ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, wọ́n wọ iṣẹ́ oògùn, wọn kò sì pa kámẹ́rà tì. Kò wá láìsí ẹkún: ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé náà dúró.

Nítorí náà, èsì mi ni pé ó lè bá wọn sáré, bí ó bá mọ̀ pé ìmọ̀ ọwọ́ òun kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọjà tí òun ń tà. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni, títí di òní wọ́n ṣì ń ṣe fíìmù sinimá ní Rochester. Ṣùgbọ́n igbá ni òwe yẹn ń tù nínú. Kò sọ ohun tí àwọn ọmọ onírèsé yóò jẹ.